Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti jí ọmọ lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn tàbí tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ yín kò ní já sí asán.

Òwe kan wà tí mo máa ń fi kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ ńlá: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn ọmọ sábà máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀, nítorí wọ́n ti rí alángbá lára ògiri ilé wọn níhìn-ín ní Houston, wọ́n sì mọ bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì nígbà tí oòrùn bá mú. Ohun tí òwe náà ń sọ kò le. Bí a bá wo ènìyàn láti òde, a kò lè mọ ohun tó ń ṣe é nínú. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí kí n tó mọ̀ pé kò tíì yé èmi fúnra mi. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ló là mí lójú, òun àti ìyá bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Greenspoint rántí ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ náà ni gbèdéke owó orí ní Amẹ́ríkà bọ́ sí lọ́dún yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òjò ọjọ́ náà ní òjò Tax Day. Òjò rọ̀ láti òru mọ́jú. Greens Bayou, odò tó gba àdúgbò wa kọjá, kún ju bèbè rẹ̀ lọ. Omi wọ fúláàtì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Greenspoint nìkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí àwọn ọkùnrin tí omi mù dé àyà, tí wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé jókòó lé lórí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló lọ sùn ní gbọ̀ngàn M.O. Campbell ní Aldine, níbi tí wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún àwọn tí omi lé kúrò nílé.

Omi wọ ilé tèmi náà, nítorí ìsàlẹ̀ ni mo ń gbé. Kò ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ti tó. Mo ní àpótí onípákó kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ ni mo kó àwọn lẹ́tà bàbá mi sí, àwọn tó kọ sí mi nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bàbá mi ti di olóògbé, kò sì sí ohun mìíràn tí mo ní tí ọwọ́ rẹ̀ kọ. Yíǹkì ti ṣàn dànù, bébà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo kó wọn sínú ọ̀rá dúdú, mo jù wọ́n nù pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì. N kò sunkún. Bí àwọn ènìyàn bá kí mi, mo máa ń dáhùn pé, "A dúpẹ́, ẹ̀mí kò lọ sí i." Òótọ́ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan ń le sí i nínú mi.

Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn omíyalé ni a padà sí kíláàsì, nínú yàrá kan tí ṣọ́ọ̀ṣì kan yá wa. Ọmọkùnrin tí mò ń sọ yìí, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti fún mi láyè láti sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Òun ló máa ń bá mi pa pátákó rẹ́. Lẹ́yìn omíyalé, ó yí padà. Ó ń fajúro, ó ń fa ìwé ya, ó ń ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Kò sí nǹkan." Ìyá rẹ̀ bi í, kò sí nǹkan. Mo bi í, kò sí nǹkan.

Ní Sátidé náà, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Àrá sán. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í fi eré fà á lápá, ó sì yí padà, ó tì í lulẹ̀. Iwájú orí ọmọ náà gbá etí tábìlì. Mo pariwo mọ́ ọn, mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé orí ẹ pé?" Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ láti kékeré, tí n kò wádìí rẹ̀ wò rí: "Gbẹ́nu dákẹ́! Ọkùnrin kì í sunkún." Mo ní kó lọ kọjú sí ògiri.

Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin òbí mi, inú mi dùn. Mo rò pé mo mọ kíláàsì í darí.

Ìyá bàbá rẹ̀ ló wá mú un lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́yìn ni Màmá ti wá. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn mìíràn ní Dallas ni wọ́n wà nígbà tí omi ya, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ro ẹjọ́ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ọlọ́pàá tó dúró níwájú adájọ́. Màmá gbọ́ mi tán, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àga kékeré tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé, wọ́n jókòó títí ojú wọn fi ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ọmọ náà wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe nǹkan. Kí ló dé tí ẹ ń bẹ̀ mí?"

Màmá ní, "Mi ò bẹ̀ ọ́. Mo ń bá ọ gbé e ni." Wọ́n wá bi í pé, "Níbo ló ti ń ṣe ọ́? Ṣé orí ni? Ṣé inú ni? Àbí àyà?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Òjò ń lu òrùlé. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ibí. Ó ń sáré."

"Àyà rẹ ló ń já. Wí i kí n gbọ́."

"Àyà mi ń já."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Nígbà tí omi wá."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ìdajì ní Yorùbá, ìdajì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní òru ọjọ́ omíyalé, iná ti lọ. Ìyá rẹ̀ gbé òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ní kó di àbúrò rẹ̀ mú kí òun lọ wá àpò tí ìwé ìrìnnà wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ọmọ kékeré náà ń jà, ara rẹ̀ ń yọ̀, omi wà nísàlẹ̀, òkùnkùn sì ṣú. Ọmọkùnrin yìí di àbúrò rẹ̀ mú títí apá rẹ̀ fi kú. Ó rò pé bí òun bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á kú. Ìyá rẹ̀ padà wá, àwọn aládùúgbò gbé wọn jáde, kò sí ẹni tó bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àyà rẹ̀ á sì máa já pé ẹnìkan fẹ́ bọ́. Apá yẹn gan-an ni ọmọbìnrin náà fà nígbà tí àrá sán.

Màmá ní, "Ṣé ìwọ lo dì í mú?"

"Èmi ni."

"O ṣé o. O ṣé tí o bá wa di ọmọ mú."

Kò sí ẹni tó tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ti sọ pé a dúpẹ́, ẹ̀mí kò lọ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó bi í pé ta ló di ẹ̀mí náà mú. Ó sunkún nígbà náà, ẹkún gidi, ó fi orí lé itan ìyá bàbá rẹ̀. Màmá kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Nígbà tí ẹkún tán fúnra rẹ̀, wọ́n nu ojú rẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n apá tó di ọmọ mú, kì í ṣe òun la fi ń ti ọmọ ẹlòmíràn lulẹ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́." Ó lọ bẹ̀ ẹ́.

Èmi jáde lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún nítorí àwọn lẹ́tà bàbá mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ìbéèrè Màmá: níbo ló ti ń ṣe ọ́? Èmi ti bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?", ṣùgbọ́n bí mo ṣe bi í, èébú ni, kì í ṣe ìbéèrè. Màmá fún un ní ibi tó lè nawọ́ sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wò ó bí èdè wa ṣe ṣe é. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ ohun tó ń dun ènìyàn lọ́kàn ló ní ibùgbé nínú ara. Bí inú bá bí mi, ìbínú ni. Bí nǹkan bá ba inú mi jẹ́, ìbànújẹ́ ni. Bí àyà mi bá já, ìjayà ni. Bí ojú bá tì mí, ìtìjú ni. Bí ara mi kò bá balẹ̀, bí ọkàn mi bá dàrú, gbogbo yín mọ ibi tó wà. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é lè mọ ibi tó ti ń ṣe é. Bó bá ti nawọ́ sí ibẹ̀, àgbà á bá a wá orúkọ rẹ̀.

Orúkọ yìí ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọdún 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn tí inú ń bí tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn kan, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà bá fi orúkọ pe ohun tó wà lójú inú àwòrán, bí ìbínú tàbí ẹ̀rù, apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń ta jí nígbà ewu, èyí tí wọ́n ń pè ní amygdala, á rọlẹ̀ díẹ̀. Màmá tó wá láti Ìṣẹ́yìn kò ka ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ pé "Àyà mi ń já," ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí "pẹ̀lẹ́", nítorí àwọn ọmọ wa níhìn-ín máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ, tí ìyá rẹ̀ sì ní "Pẹ̀lẹ́," ọmọ á ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé mi ṣubú." Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ohun tí Màmá sọ ló jẹ́: mo ń bá ọ gbé e. Kì í wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi sọ ọ́ fún ọmọ tó ṣubú àti fún ọmọ tó tì í, kí wọ́n tó dá ẹjọ́.

Àwọn kan nínú yín lè sọ pé, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe Yorùbá ló ní kí a máa ní sùúrù ni? Ṣé kì í ṣe ọmọlúàbí ni kì í fi ìbínú hàn?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó ń kọ́ wa ní sùúrù, wọ́n tún ṣe àyè fún ẹkún àti fún ìbínú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà ọdún Òkèbàdàn, àwọn ará ìlú máa ń jáde sígboro, wọn á máa kọrin èébú sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ọjọ́ bá lọ tán, ó tán nìyẹn. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ìyàwó tó fẹ́ lọ sílé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Kò fara pamọ́ sunkún. Lójú gbogbo ènìyàn ni, pẹ̀lú ewì ẹnu, yóò sọ bó ṣe dùn ún láti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ àti bí ẹ̀rù ibi tó ń lọ ṣe ń bà á. Wọ́n á yìn ín bó bá mọ̀ ọ́n sun dáadáa. Ẹ ò rí i pé ẹkún kì í ṣe àbùkù? Wọ́n fún un ní ìgbà, wọ́n fún un ní ibi, wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀.

Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tó kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn àrùn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, dípò kó ti gbogbo àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn mọ́ inú ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Olúkúlùkù wá pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan ó kéré tán. Wọn á lọ gba ìtọ́jú, wọn á sì padà sí àárín ènìyàn, níbi tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ. Àwọn oníṣègùn káàkiri ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tó ṣe. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ènìyàn kì í dá nìkan wo ara rẹ̀ sàn.

Kí ló wá dé tí àwa, ọmọ àwọn bàbá wọ̀nyí, fi ń sọ fún ọmọ pé gbẹ́nu dákẹ́? Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àwọn kan sọ àdúgbò wa nítorí ìbọn, Gunspoint. Òbí tó ní ọmọkùnrin dúdú ní ìlú yìí mọ̀ pé ìbínú kékeré ní ojú títì lè di ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́. Nítorí náà a ń tẹ ìbínú ọmọ mọ́lẹ̀ nínú ilé kó má baà gbé e jáde. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tíì kú. Ó ń dúró de ẹni tí yóò fà á lápá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí. Àkọ́kọ́ ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjánu ni irin tí a fi sí ẹṣin lẹ́nu. Ẹni tó kó ẹṣin níjàánu kò pa ẹṣin, kò sì so ó mọ́lẹ̀. Ó ń gùn ún lọ síbi tó fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kejì ni ìrònú. Ẹ là á sí méjì: rò àti inú. Inú tí ìbínú ti ń jáde náà ni a ti ń ronú. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ìbínú a máa yára ju ìrònú lọ, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ wa ni láti dá a dúró díẹ̀ títí ìrònú yóò fi dé, kí wọ́n lè jọ jáde. Ohun tí à ń pè ní sùúrù nìyẹn. Kì í ṣe pé inú kò gbọdọ̀ bí ẹ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe ọmọkùnrin náà síwájú kíláàsì. Mo ní, "Mo sọ fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkùnrin kì í sunkún. Irọ́ ni mo pa. Mo tún bú ọ, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, má bínú." Kò rọrùn fún mi. Ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo rò pé ó ṣì í lò ni, àfi nígbà tí mo délé tí mo wá rí i pé bóyá òun náà ń bá mi gbé e.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2017, kí ọdún kan àti ààbọ̀ tó pé, ìjì Harvey dé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Omi tún wọ Greenspoint, ó tún wọ ilé àwọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ògiri ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí kíláàsì padà, n kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a-b-d. Mo ti kà nípa James Pennebaker, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas ní Austin nígbà náà. Nínú ìwádìí tí òun àti Sandra Beall gbé jáde lọ́dún 1986, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, lórí ohun tó dùn wọ́n jù láyé. Ní àkókò tí wọ́n ń kọ ọ́, inú wọn bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí kò kọ ọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ wa náà kọ tàbí kí wọ́n ya ohun tó wà nínú wọn, ní èdè tó bá wù wọ́n, kí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bẹ̀rẹ̀: inú mi, àyà mi, tàbí ojú mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á síta kò ní kà á. Ọ̀pọ̀ ló kà á. Ọmọbìnrin kan kọ̀wé pé ojú ń ti òun nítorí pé aṣọ tí wọ́n ta òun lọ́rẹ kò bá òun mu. Ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kí ẹ bá wa ṣe nílé. Èkíní, kí ẹ tó bi ọmọ pé kí ló ṣe, ẹ kọ́kọ́ ní "Pẹ̀lẹ́." Èkejì, ẹ bi í pé níbo ló ti ń ṣe é, kí ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín: "Inú ń bí mi báyìí, ẹ jẹ́ kí n mumi kí n tó sọ̀rọ̀." Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá tàbí bàbá rẹ̀ á mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀kẹta, bí ẹkún bá ti tán, ẹ má gbàgbé ìbáwí. Màmá kò gbàgbé. Ọmọ tí ohun kan ń dùn kò ní àṣẹ láti dun ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá agbára ilé, bí ọmọ kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe fi sùúrù tàbí àdúrà nìkan mọ sí i. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nọ́mbà 988 wà ní gbogbo Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án lóru, fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, yálà ọmọdé tàbí àgbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ti di ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ìjì Beryl pa iná mọ́ àwa àti àìmọye ilé ní Houston, ó wá bá mi ṣètò kíláàsì lẹ́yìn tí iná dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó ga jù mí lọ. Ọmọ kékeré kan wà tí kò fẹ́ wọlé, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń pariwo. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti fa àga kékeré kan, ó ti jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo gbọ́ tó ní, "Pẹ̀lẹ́. Níbo ló ti ń ṣe ọ́?"

Iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bi àgbà kan nílé rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá wọn lóhùn pé kò sí nǹkan.

Ó di Sátidé.